Bí mo ṣe ń to oṣù mi sínú ìwé kí oṣù náà tó máa lé mi kiri

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé télọ̀ ni mí, Ìbàdàn ni mo wà, ṣọ́ọ̀bù mi ò tóbi, èmi àti ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú máṣíìnì méjì àti tábìlì tá a fi ń gé aṣọ. Ìwé kan wà lórí tábìlì yẹn, ó ti dọ̀tí, epo máṣíìnì ti kán sí i, ọbẹ̀ ti ta sí i rí, àmọ́ òun làwọn èèyàn máa ń béèrè jù bí wọ́n bá wọlé, "Àǹtí, kí lẹ máa ń kọ síbẹ̀ gan-an tẹ́ ẹ tẹjú mọ́ ọn báyìí?" Torí náà ẹ jẹ́ n kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan kí n sinmi àlàyé, bí mo ṣe ń to oṣù kan sínú ìwé látọjọ́ kìíní dé ìparí, kẹ́ni tó bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ rí nǹkan dì mú.

Ẹ má rò pé torí mo létò ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ o. Èmi kẹ̀! Lọ́dún kan báyìí, mo gba aṣọ ẹbí ìdílé méjì, Sátidé kan náà ni àwọn méjèèjì fẹ́ lò ó, mi ò sì mọ̀. Ọ̀kan wà lórí fóònù mi, èkejì mo kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì ìpè ìyàwó kan tó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, káàdì yẹn sì bọ́ sẹ́yìn máṣíìnì. Nígbà tó di alẹ́ Fúráídè, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ìyá ìyàwó dé, gèlè ẹ̀ wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ ẹ̀, bùbá ẹ̀ ò tíì lápá. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ ṣá, bùbá ò lápá, ọ̀la ni ìgbéyàwó. Obìnrin náà ò bú mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí wọra, ńṣe ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń wò mí bí mo ṣe ń rán an, NEPA ti mú iná lọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ nìkan là ń gbọ́, a ò sọ̀rọ̀ títí aago méjìlá fi lù.

Látìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé oṣù lè ní ọgbọ̀n ọjọ́ lára kàlẹ́ńdà kó má ní ju mẹ́tàdínlógún lọ lọ́wọ́ èmi. Mo fẹ́ mọ iye yẹn lọ́jọ́ kìíní oṣù, nígbà tí mo ṣì lè sọ fún kọ́sítọ́mà pé kó jọ̀ọ́, mi ò ní lè gbà á. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé sísàlẹ̀ yìí, orí iye ọjọ́ tó kù yẹn ló dá lé.

Ká tibi ìwé bẹ̀rẹ̀. Ẹ má lọ ra ìwé olówó ńlá tó ní òdòdó lára tí ẹ̀rù á máa bà yín láti kọ nǹkan sínú ẹ̀, mo ti rà á rí, ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí ni mo padà fi ṣe fún ẹlòmíì. Ìwé onílà ẹlẹ́yìn líle, irú èyí táwọn ọmọ yunifásítì fi ń kọ nóòtì, ó ti tó. Àwọn kan á ní àwọn ti ní dáyárì tí báǹkì tàbí ṣọ́ọ̀ṣì fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kò burú, àmọ́ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ni dáyárì fi ń jẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ máa ṣí i títí lẹ ò ní rí gbogbo oṣù pa pọ̀, àwa sì fẹ́ rí gbogbo ẹ̀ lójú kan náà. Báírò kan, pẹ́ńsùlù kan, rúlà kan. Pẹ́ńsùlù yẹn ṣe pàtàkì, ẹ má fò ó, màá sọ ìdí ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí mi ò lo fóònù, mo ń lo fóònù náà, fún aago tí ń dún. Àmọ́ fóònù mi wà lápò mi, ọmọ iṣẹ́ mi ò lè rí inú ẹ̀, kọ́sítọ́mà ò lè rí inú ẹ̀. Ìwé tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì, gbogbo wa là ń rí i, bí mi ò bá sí nílé ọmọ á mọ̀ pé aṣọ wo ló kàn.

Ó yá, ẹ ṣí ojú ìwé méjì tó kọjú síra wọn. Ẹ kọ orúkọ oṣù sókè. Màá lo Nofẹ́ńbà 2025 tó kọjá ṣàpẹẹrẹ torí pé ó wà níwájú mi báyìí, oṣù yẹn sì le, Sátidé márùn-ún ló wà nínú ẹ̀, 1, 8, 15, 22 àti 29, télọ̀ tó bá gbọ́ Sátidé márùn-ún ní Nofẹ́ńbà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé. Kọ iye ọjọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀ létí òsì ìwé, ọjọ́ kan ìlà kan, 1 sí 15 sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ìyókù sí èkejì. Bí ẹ ò bá mọ̀ bóyá oṣù náà jẹ́ 30 àbí 31, ẹ di ẹ̀ṣẹ́ yín. Oríkèé ìka ìfábẹ̀lá ni Jánúárì, kòtò tó tẹ̀ lé e ni Fẹ́búárì, oríkèé tó kàn ni Máàṣì, bẹ́ẹ̀ lẹ ó máa kà á lọ, títí dórí oríkèé ọmọńdinrín tí í ṣe Júláì, kẹ́ ẹ wá padà sórí oríkèé àkọ́kọ́ fún Ọ́gọ́ọ̀sì. Gbogbo oṣù tó bá bọ́ sórí oríkèé jẹ́ 31. Èyí tó bọ́ sí kòtò jẹ́ 30, àyàfi Fẹ́búárì tẹ́ ẹ ti mọ ìwà ẹ̀. Olùkọ́ mi ní pírámárì ló kọ́ mi, mo ṣì ń dì ẹ̀ṣẹ́ mi wò títí dòní, kò tì mí lójú.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà, ẹ kọ lẹ́tà ọjọ́. Ibí yìí ni Yorùbá ti là mí. Nígbà tí mo ń fi Òyìnbó kọ ọ́, T méjì ló wà, S méjì ló wà, mo ti gbé aṣọ Sátidé sí Sọ́ńdè rí torí ẹ̀. Ní báyìí lẹ́tà méje ni mò ń lò, kò sí èyí tó jọra: A fún Ajé, Ṣ fún Ìṣẹ́gun, R fún Ọjọ́rú, B fún Ọjọ́bọ̀, T fún Ẹtì, M fún Àbámẹ́ta, K fún Àìkú. Ẹ rí i pé mi ò fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ mú gbogbo wọn, torí tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ á tún di Ọ méjì, a ò tíì kúrò lójú kan nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ fi rúlà fa ìlà sábẹ́ gbogbo K, kí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan yà sọ́tọ̀ lójú.

Kò tíì sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀ o. Ẹ má tíì kọ iṣẹ́. Ohun tó máa kọ́kọ́ wọ ìwé ni àwọn ọjọ́ tí kì í ṣe tiyín mọ́. Tèmi ni Àìkú, mi ò kì í ránṣọ lọ́jọ́ Àìkú, mo fi báírò fagi lé márààrún, 2, 9, 16, 23, 30. Ẹni tó jẹ́ Mùsùlùmí tí kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù títí wọ́n á fi kírun Jímọ̀ tán, kó kọ ọ́ sí gbogbo T pé ààbọ̀ ọjọ́ ni. Owó ilé ìwé ọmọ, ọjọ́ tí lán̄lọ́ọ̀dù ń wá, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbé ìyá yín lọ sọ́síbítù fún ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo ìyẹn wọlé níbí. Àwa obìnrin, ẹ fi àmì kékeré kan sí ibi tí nǹkan oṣù máa bọ́ sí, èmi ò kì í gé léèsì lọ́jọ́ kìíní ẹ̀, ìdí ríro ti bá mi rí lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, léèsì olówó iyebíye ni mo gé kúrú.

Èyí tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú ni ìpàdé àwọn àgbà. Àwọn mọ̀lẹ́bí ìyá mi, ìtàdógún-ìtàdógún ni wọ́n ń ṣèpàdé, ẹni tó bá kàn gbé kàlẹ́ńdà tó sì fi 17 kún ọjọ́ náà ti pa ìpàdé jẹ nìyẹn. Kíkà Yorùbá, ọjọ́ tẹ́ ẹ wà lórí ẹ̀ gan-an lẹ máa fi ṣe ọ̀kan. Ìpàdé wọn bọ́ sí Ọjọ́rú 5, ẹ ka 5 ní ọ̀kan, 6 ní èjì, ẹ máa bá a lọ, ọjọ́ kẹtàdínlógún á já sí Ẹtì 21. Ọjọ́ 16 lẹ máa fi kún un tẹ́ ẹ bá fẹ́ yára. Bí ọjà ọrọọrún náà ṣe rí nìyẹn, ọjọ́ 4 lẹ ń fi kún un, tí wọ́n bá ná a ní 3, wọ́n á tún ná an ní 7, 11, 15. Ẹni tó ń ra elùbọ́ tàbí gàrí láti irú ọjà bẹ́ẹ̀ lóko, kó ka gbogbo ẹ̀ sínú ìwé lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́rin kì í bá ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje rìn pọ̀, lọ́tẹ̀ yìí á bọ́ sí Ajé, tó bá tún yí, ó ti di Ẹtì mọ́ yín lọ́wọ́.

Pẹ́ńsùlù wá dé. Ohunkóhun tí kò tíì dá ẹni tó ń sọ ọ́ lójú, pẹ́ńsùlù lẹ máa fi kọ ọ́. Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá, pẹ́ńsùlù, torí òṣùpá ló ni í, kàlẹ́ńdà lè sọ ọjọ́ kan kó tún yí sí èkejì, ti Ìtúnu tiẹ̀ lè yí lálẹ́ tó ṣáájú. Àlejò láti Èkó tó ní òun ń bọ̀ "ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn", pẹ́ńsùlù. Ìsọmọlórúkọ náà pẹ́ńsùlù ni, aládùúgbò tí oyún ẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án, ẹ fi àmì ìbéèrè síbi tẹ́ ẹ rò pé ó lè bọ́ sí, lọ́jọ́ tó bá bímọ ẹ ka ọjọ́ mẹ́jọ, ọjọ́ tó bímọ ni ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá fi báírò tẹ̀ ẹ́. Ìnáwó òkú nìkan ni kò sí pẹ́ńsùlù tó lè mú, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ọjọ́ kan sílẹ̀ lófìfo lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí aṣọ bá máa jáde nínú ẹ̀. Mò ń kọ ÒFÌFO sí i pẹ̀lú lẹ́tà ńlá. Bí òkú ò bá kú, NEPA á mú iná, bí NEPA ò mú iná, abẹ́rẹ́ máṣíìnì á kán, ọjọ́ òfìfo kò ṣòfò lọ́dọ̀ mi rí.

Iṣẹ́ ló kù báyìí, ẹ̀yìn la sì ti máa kà á bọ̀ wá síwájú. Kọ́sítọ́mà sọ pé Sátidé 15 ni ìnáwó. Èmi ò kì í kọ iṣẹ́ yẹn sórí 15 rárá. Ọjọ́bọ̀ 13 ni mo kọ "kó aṣọ ti 15 jáde" sí, torí ó yẹ kí wọ́n wọ̀ ọ́ wò, ó sì yẹ kí àyè wà láti tú ibi tó bá fún wọn. Ajé 10 ni mo ní kí àwọn tó sanra díẹ̀ wá wọ̀ ọ́ wò kí n tó pa etí ẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta 1 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, aṣọ sì gbọ́dọ̀ ti wọlé sí ṣọ́ọ̀bù kí ó tó di ọjọ́ náà, ẹni tí aṣọ ẹ̀ ò bá wọlé, mo ti kìlọ̀ fún un. Bí ẹ ò bá kà á sẹ́yìn báyìí, gbogbo iṣẹ́ á rọ́ lọ sórí ọjọ́ ìnáwó, ojú ìwé yín á wá funfun níwájú, á dúdú lẹ́yìn.

Bí ojú ìwé mi ṣe rí nìyí lẹ́yìn tí mo kọ àwọn tó ti dájú, mo kọ ọ́ bó ṣe wà:

1 M: gé ti 15
3 A: Gbági, láíníǹ, síìpù, òwú funfun méjì
5 R: ìtàdógún
8 M: ìgbéyàwó ọmọ àbúrò bàbá mi, a ò ṣí
10 A: ti 15 wọ̀ ọ́ wò
11 Ṣ: ÒFÌFO
13 B: kó ti 15 jáde
17 A: Gbági
18 Ṣ: ÒFÌFO
20 B: kó ti 22 jáde
21 T: ìtàdógún
26 R: ÒFÌFO
27 B: kó ti 29 jáde

Ajé ni mo ń lọ sí Gbági, ọjà aṣọ wa ní Ìbàdàn, mi ò ní fún yín ní ìdí kan ju pé èrò Sátidé níbẹ̀ ti kọjá agbára mi.

Ẹ wá bá mi ka ọjọ́ o. Ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ yọ Àìkú márùn-ún, ó ku 25. Ẹ yọ ìtàdógún méjì, 23. Ẹ yọ Gbági méjì, 21. Ìgbéyàwó ọmọ àbúrò bàbá mi, 20. Òfìfo mẹ́ta, 17. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi, tó bá jẹ́ ìró àti bùbá tí kò ní wàhálà lára, orí méjì la lè rán parí lójúmọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ní òun ń rán mẹ́rin, kó máa rán an. Méjì lọ́nà 17 jẹ́ 34. Aṣọ tó wà nílẹ̀: ti 15 jẹ́ 14, ti 22 jẹ́ 8, ti 29 jẹ́ 13. Àpapọ̀ 35. Ẹ̀yin náà á ní, hà, ẹyọ kan péré ló lé, á tó o, ẹ máa gbà á. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ ní àkọ́kọ́, mo ti gbé fóònù láti sọ fún wọn pé kò sí wàhálà.

Àmọ́ àpapọ̀ oṣù yẹn ń parọ́. Ẹ kà á títí dé ọjọ́ tí aṣọ gbọ́dọ̀ jáde, ẹ má kà á títí dé ìparí oṣù. Láti 1 sí 13, ọjọ́ iṣẹ́ tí mo ní ni 1, 4, 6, 7, 10, 12, 13, méje, aṣọ 14, ó ṣe rẹ́gí. Láti 14 sí 20, ọjọ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, 14, 15, 19, 20, aṣọ 8, òun náà ṣe rẹ́gí. Láti 21 sí 27 wá ńkọ́? 22, 24, 25, 27. Ọjọ́ mẹ́rin, aṣọ 8, wọ́n sì ti fẹ́ kó 13 wá. Márùn-ún ló lé, kì í ṣe ẹyọ kan. Níbo wá ni ọjọ́ méjì tó kù sá lọ? 28 àti 29 ni, lẹ́yìn tí aṣọ ti yẹ kó kúrò nílẹ̀, wọn ò wúlò fún Sátidé 29 mọ́, Dìsẹ́ńbà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún. Ká ní mi ò fi ìka tọ ìlà yẹn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan ni, ìyá ìyàwó míì ì bá tún jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi.

Mo pe ìyá tó ni aṣọ ti 29 lọ́jọ́ kẹta oṣù. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, mẹ́jọ ni mo lè gbà nínú mẹ́tàlá, ẹ jẹ́ n júwe télọ̀ míì fún yín fún márùn-ún tó kù." Wọ́n bínú díẹ̀, wọ́n ní ṣé torí owó ni, wọ́n á fi kún un. Mo ní kì í ṣe torí owó, ẹ wá wo ìwé. Wọ́n wá lóòótọ́, mo fi 22, 24, 25, 27 hàn wọ́n, wọ́n fi ìka kà á fúnra wọn, wọ́n ní "òfìfo ńkọ́?" Mo ní òfìfo ò ṣe é fọwọ́ kàn. Ẹ rí i, ọjọ́ 25 ọmọ iṣẹ́ mi ṣàìsàn ibà, Ọjọ́rú 26 òfìfo yẹn náà la fi rán méjì tó kù nílẹ̀.

Ẹni tí kì í ṣe télọ̀ náà lè ka ọjọ́ báyìí. Tíṣà tó ní ìwé ìdánwò ọgọ́fà láti máàkì, kó kọ́kọ́ wo iye tó lè máàkì lálẹ́ kan kí ojú ẹ̀ tó máa ṣú, kó pín in, kó wá kà á sẹ́yìn láti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba máàkì. Alásè tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò, ìṣirò kan náà ni. Ibi tó le nínú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ sọ òótọ́ nípa iye tẹ́ ẹ lè ṣe lóòjọ́, ẹ wo ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, iye tẹ́ ẹ ṣe gan-an ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má kọ èyí tẹ́ ẹ ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí iná wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Àmì tí mò ń lò ò pọ̀. Tóótó kékeré níwájú iṣẹ́, bó bá parí mo fi X gùn ún lórí, bí kò bá parí tí mo sì ń gbé e lọ sọ́jọ́ míì, mo fi ọfà > sí i. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Ryder Carroll ló jẹ́ káwọn èèyàn mọ irú àmì báyìí, ọdún 2013 ló gbé e jáde tó pè é ní bullet journal, ẹ lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ẹ ṣọ́ra o, ẹ máa rí àwọn tó ń fi àwọ̀ mẹ́wàá kun ìwé wọn pẹ̀lú àwòrán labalábá, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi ń ya oṣù kan, ìyẹn iṣẹ́ ọnà ni, ó dáa, àmọ́ aṣọ tó wà nílẹ̀ ń wò yín. Ohun tí mo mú nínú tiẹ̀ ni pé ọwọ́ lẹ máa fi tún iṣẹ́ tí kò parí kọ sí ọjọ́ tuntun. Ọwọ́ á ro yín. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ti fi ọfà gbé lẹ́ẹ̀mẹta, yálà ẹ ṣe é lọ́la tàbí kẹ́ ẹ fagi lé e pátápátá. "Tún àpò dúdú rán" wà nínú ìwé mi fún oṣù mẹ́rin kí n tó gbà fún ara mi pé mo kórìíra àpò yẹn.

Owó ní ojú ìwé tiẹ̀, lẹ́yìn ojú ìwé oṣù gan-an. Àwọn tó ń wá ọ̀nà láti tọ́jú ìṣe ojoojúmọ́ sínú ìwé, ṣé wọ́n mọ̀ pé káàdì alájọ ti ṣe é fáwọn ìyá wa látọjọ́ yìí? Àpótí 31 lórí páálí, ẹ dá owó, alájọ fi báírò gé àpótí kan, ìparí oṣù ẹ gba owó yín, òun yọ ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ ò nílò kó ṣàlàyé, àpótí tó ṣófo ń hàn kedere. Mo ya káàdì yẹn gan-an sínú ìwé mi, àpótí 30 fún Nofẹ́ńbà, mo sì ń gé e lálẹ́ tí mo bá ti kọ owó ọjọ́ náà sílẹ̀, èyí tó wọlé lápá kan, èyí tó jáde lápá kejì. Ẹ lè ya òmíì fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí omi mímu, ẹ má kàn ya ju méjì lọ, mo ya mẹ́fà lóṣù kan, nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹsàn-án mo ti ń gé àpótí àná àti tìjẹta pọ̀ lálẹ́ kan náà, irọ́ ni gbogbo ẹ̀.

Fún ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ kọ àsansílẹ̀ sọ́tọ̀. Owó tí kọ́sítọ́mà san sílẹ̀ kò tíì di tiyín, láíníǹ àti síìpù ló ni ín. Mo máa ń fi pẹ́ńsùlù kọ àsansílẹ̀, ọjọ́ tí aṣọ bá jáde ni mo ń fi báírò gun orí ẹ̀. Kí n tó máa ṣe báyìí, mo ti fi àsansílẹ̀ aṣọ ẹlòmíì ra aṣọ ẹbí tèmi rí, ẹ jẹ́ ká má sọ̀rọ̀ lọ síbẹ̀.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti to oṣù tán, ohun tó kù kéré. Láràárọ̀, kí n tó ṣí máṣíìnì, mo fi ìka tọ ìlà ọjọ́ náà, mo kà á sókè kí ọmọ iṣẹ́ gbọ́. Lálẹ́ Àìkú, tí mo bá ti jẹun, mo jókòó pẹ̀lú ìwé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo wo ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo fi báírò tẹ àwọn tí pẹ́ńsùlù wọn ti dájú, mo pa èyí tí kò ní wáyé rẹ́. Ẹ má ṣe é lálẹ́ Sátidé lẹ́yìn òwàm̀bẹ̀, ẹ ò ní lè ka nǹkan kan.

Tó bá wá ku ọjọ́ méjì kí oṣù parí, ẹ fa ojú ìwé oṣù tuntun bẹ́ ẹ ṣe fa ti àkọ́kọ́, àwọn ọjọ́ tí kì í ṣe tiyín ló tún máa kọ́kọ́ wọlé. Ìtàdógún ti 21 já sí 7 Dìsẹ́ńbà, ọjọ́ Àìkú ni, inú mi dùn, kò ní jẹ ọjọ́ iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ mi. Kérésì 25 àti ọjọ́ kejì ẹ̀ 26, báírò. Ẹ wá lọ sójú ìwé tó ti kọjá, ẹ wo gbogbo tóótó tí kò ní X, ẹ gbé èyí tó ṣì ní ẹni tó ń retí ẹ̀ wá. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò retí, tí ẹ̀yin pàápàá ò rántí, ẹ fi í síbẹ̀.

Ẹ má ya ojú ìwé àtijọ́ dànù o. Ẹ̀yìn ìwé yẹn ni mo ń kọ ìwọ̀n àwọn kọ́sítọ́mà sí, àyà, ìdí, gígùn apá, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo wọ̀n ọ́n, kí n lè mọ̀ bóyá ìwọ̀n náà ti pẹ́. Bí ìwé bá kún, mo fi okùn aṣọ so ó mọ́ èyí tó ṣáájú ẹ̀, mo fi wọ́n sínú páálí lábẹ́ tábìlì. Ní Dìsẹ́ńbà tó kọjá, obìnrin kan pè mí láti Lọ́ńdọ̀nù pé òun ń bọ̀ nílé fún ìnáwó bàbá òun, kí n rán ìró àti bùbá sílẹ̀ de òun, mo fa ìwé ọdún méjì sẹ́yìn yọ, ìwọ̀n ẹ̀ wà níbẹ̀. Mo pè é padà, mo ní kó fi téèpù wọn ìdí ẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kàn fi íǹṣì méjì kún un.